Àtòkọ Tí Bàṣírát Ti Ṣáájú Mi

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ajah? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní Lẹ́kkí? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo bá wá, inú ló ń bí mi.

Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí n lè mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo gbé e lọ bá Tíṣà Bọ̀sún tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà níléèwé wa. Ó ní o kó orúkọ àwọn tó o fẹ́ràn sínú ohun kan bí àpò, o wá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àtòkọ. Mo ní kó kà á. Bàṣírát ló kọ́kọ́ pè, onílé yín tó ń fún ọ lẹ́ja etíkun Eleko. Ó pe Ṣèyílọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti pe Dúródọlá, orúkọ mi lásán, kò sí Màmá níwájú rẹ̀.

Tíṣà ní kí n má bínú, pé nínú irú àpò yẹn kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, bó bá ṣe wu kọ̀ǹpútà ló ń yọ wọ́n síta. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ní ìyá ni? Bí a bá ń pín ẹran nílé yìí, ta ni kì í kọ́kọ́ fún àgbà? Mo ní kó kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n lè wúwo, ó ní àpò náà á da ọ̀kan nù. Ó ní irú mìíràn wà tí wọ́n ń so ẹrù mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ ọ́ di àtòkọ lásán, orúkọ nìkan ní í jáde, ẹrù á ṣẹ́kù. Mo ní ohun tó ṣe mí nìyẹn. Orúkọ mi jáde, oṣù mẹ́sàn-án àti gbogbo gààrí tí mo rù lọ ọjà nítorí iléèwé rẹ ṣẹ́kù sínú.

Mo ń jowú, n kò fi pamọ́. Ojoojúmọ́ ni Bàṣírát ń rí ọ, bó o bá húkọ́, òun ló ń gbọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ìpara orúnkún ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀, kí n wá jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn nígbà tó bá ń tò ó. Bí owó kò bá sí, mú bébà, fọwọ́ ara rẹ kọ àtòkọ mìíràn, kọ Màmá mi sí i, kí o sì ṣíwọ́ níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Kò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ to orúkọ rẹ sẹ́yìn obìnrin mìíràn.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.