Ìlà Kẹrìnlélógún Nínú Máàpù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́n tún yìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi — Ìmọ́lẹ̀ Ilé, bí Màmá ṣe ń pè é. Èmi? Ẹlẹ́sẹ̀ Ajá. Torí mi ò lè jókòó sójú kan, torí mo pa ilé-ìwé tì ní kíláàsì kẹrin. Ọ̀gá awọnlẹ̀ tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ní, "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Gbogbo wa dìde. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí.

Ohun tí à ń ṣe: máàpù ẹ̀rọ omi àdúgbò, tí èèyàn á ṣí lórí fóònù. Tó bá tẹ àmì kan, á mọ̀ bóyá omi ń yọ níbẹ̀ àbí ó ti gbẹ. Kí ìyá ọlọ́mọ má gbé garawa rìn lásán. Ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ wa — QGIS la fi ń to nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà, Leaflet la fi ń gbé máàpù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ní àwọn tó ṣe wọ́n ò ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni lè wọlé wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, kò jẹ́ kí n ráyè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá á mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ṣe ọmọ iṣẹ́. Àga kan, tábìlì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fẹ́ àga yẹn. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan báyìí rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀rọ omi mẹ́tàdínlógójì. Èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn dé ìdí gbogbo wọn, fóònù lọ́wọ́, mò ń kọ nọ́ńbà. Ajá lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan ní ṣé mo wá já omi àwọn ni. Gìgísẹ̀ mi ti bó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé, ó ń to àmì. Mo wọlé, ó ní, "Àbúrò mi, o káre, jókòó kí o sinmi." Ohùn yẹn! Bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Màmá ń sọ fún télọ̀ ìsàlẹ̀: "Ọmọ mi ló ń ṣe máàpù." Ọmọ. Ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Máàpù tèmi ò ṣí. Funfun báláú.

Ọ̀gá ní nọ́ńbà méjì ni ibi kọ̀ọ̀kan ní. Táblì tí QGIS fún wa, ti ìlà-oòrùn ló ṣáájú. Leaflet sì fẹ́ kí ti àríwá ṣáájú. "Tẹ́ ẹ bá gbàgbé yí wọn padà, inú òkun lẹ ó ti bá ara yín. Èmi náà ti lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rí." A rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ ti yí tiẹ̀ padà kí ọ̀gá tó panu dé. Ó pè mí: "Wò ó, ìlà kẹrìnlélógún nínú àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo ti yí nọ́ńbà padà. Òun ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró."

Òun fúnra ẹ̀ ló fi hàn mí. Kí n ṣáà kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò ní kọ ohun tí mo ṣe.

Ó dáa. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pa ìlà kẹrìnlélógún rẹ́. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwọn òbí kún yàrá, wọ́n wá wo iṣẹ́ wa. Màmá wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ tan máàpù sára ògiri — òpópónà wa rèé, ilé wa rèé, kò sí àmì kankan. Ó sún un sẹ́yìn, ó tún sún un sẹ́yìn, títí òkun fi yọ. Gbogbo ẹ̀rọ omi wa ló ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Èyí dáa, omi ibẹ̀ ò lè gbẹ láé!" Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń la ẹnu.

Ọ̀gá wá tẹ àmì kan. Ó kà á sókè: "Omi ń yọ. Àbúrò mi ló rìn débí." Ó tẹ òmíràn. "Omi ti gbẹ. Àbúrò mi ló rìn débí." Òmíràn. Bákan náà.

Lórí gbogbo wọn. Mi ò tẹ ọ̀kan wò rí. Ìlara ò jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wá àṣìṣe náà láti ìlà kìíní, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo lọ tààrà, mo kọ ìlà náà padà. Àwọn àmì fò wálé. Àtẹ́wọ́! Ọ̀gá ní, "Kò mà pé ìṣẹ́jú kan! Ojú ẹ mú. Ìwọ ni mo mú."

Màmá ń sunkún. "Ẹlẹ́sẹ̀ Ajá tèmi!"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Kò pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A jọ ń ká aṣọ. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan máa ń wò káàkiri. Ìwọ ò wá ibì kankan." Ó ká síkẹ́ẹ̀tì mi, ó gbé e fún mi. "Àga ti di tìẹ. Lọ jókòó."

Ì bá kúkú gbá mi létí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún ọ̀gá. Gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ wá." Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí àga báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá ò tíì gbọ́. Á gbọ́.

Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí. Mo ṣí máàpù lórí fóònù, mo tẹ ẹ̀rọ omi iwájú ilé wa. Omi ń yọ. Àbúrò mi ló rìn débí.

Ẹ̀gbọ́n mi ráyè ní odindi ọjọ́ àná láti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Kò pa á rẹ́.

Kí Ọlọ́run má bínú, mo ṣì ń jowú ẹ̀. Ó tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.