Bẹ́líìtì Ọrùn Jẹ́nsinmi

Oǹdó.

Ẹ̀gbọ́n mi Monílọ́lá,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń rọ̀ díẹ̀, wọ́n tiẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Kòkó náà so dáadáa.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ń dùn mọ́ mi: bẹ́líìtì ọrùn ajá tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣiṣẹ́! Ẹ ṣeun tó jẹ́ èyí tó kàn ń gbọ̀n béèyàn bá tẹ rìmóòtù rẹ̀ lẹ yàn, tí kì í ṣe oníná tó ń gbé ajá. Ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ so ó mọ́, kò dùn mí rárá.

Ẹ rántí pé Bàbá Oyèbọ́lá, aládùúgbò wa, ti búra pé bí Jẹ́nsinmi, ajá ọdẹ mi, bá tún pa adìyẹ òun, ẹlẹ́ran ajá lòun máa pè. Mo bọ́ ṣaworo ọrùn rẹ̀, mo fi bẹ́líìtì sí i. Ajá bá dùbúlẹ̀, kò dìde! Láìsí ṣaworo, kò gbà pé ọdẹ là ń lọ. Ìgbà tí mo so méjèèjì mọ́ ọn ló fò sókè. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi kọ́ ọ: bí bẹ́líìtì bá ti gbọ̀n, màá pè é, màá fún un lẹ́ran.

Láàárọ̀ yìí, ó gbá tẹ̀lé àgbébọ̀ Bàbá Oyèbọ́lá. Mo tẹ rìmóòtù. Ó dúró gbagidi, ó sì padà wá bá mi! Ariwo tí mo pa, gbogbo àdúgbò ló jáde.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Màmá ní kí n bi yín bóyá wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ èèyàn, káwọn náà lè máa tẹ̀ ẹ́ láti Oǹdó. Ọdún kẹfà rèé tá a ti rí yín gbẹ̀yìn.

Àbúrò yín,
Adélaní