Ohun Tí Qonitah Sọ Nù

Ojúlé Kẹrìnlá, Àdúgbò Ìlérí,
Ìgándò, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Fẹ́kọ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé orúnkún tó ń dun Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n jáde jókòó sí ojúde? Àwọn ọmọ ńkọ́, baálé ilé ńkọ́? Bí o bá béèrè tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́, ara le, oúnjẹ ń wọlé, iná ọba nìkan ni a kò rí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìjókòó àlàáfíà.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé Àyìnkẹ́ tún ti mú bíírò. Ó tó ọdún méje tí mo kọ lẹ́tà kẹ́yìn, fóònù ti sọ gbogbo wa di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní ilé-ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì kọjá ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù. Mo gbìyànjú lánàá láti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, ẹkún gbà á mọ́ mi lẹ́nu, mo bá pa á rẹ́. Bùrọ̀dá Richard ń lọ sí Adó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ni wọn yóò bá mi mú ìwé yìí wá bá ọ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé-ìwé fún ọ. Òjò oṣù kẹwàá wó ògiri ọgbà wa lápá ibi tó kọjú sí títì, àwọn èrò ọ̀nà sì ti ń bá wa kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò láti ìta lọ́fẹ̀ẹ́. Pírínsípà wa tuntun, Màdámú Ọlátúnbọ̀sún, kò fi falẹ̀. Wọ́n pe bíríkìlà kan, Ọ̀gá Jibril, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ń gbé ní Òkè-Odò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń mọ ògiri yẹn, mi ò gbọ́ kí ó sọ ju “ẹ jọ̀ọ́, omi” lọ. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù.

Pírínsípà yìí kan náà ló dá ìròyìn ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, Tolúwalọpẹ́, ọmọ SS3 kan tí ohùn rẹ̀ já gaara, á jáde síwájú, á ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà: ẹni tó gba ẹ̀bùn, tíṣà tó bímọ, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Bó bá kà á tán, á béèrè ẹni tó sọ nǹkan nù. Ẹni tó bá sọ nǹkan nù á jáde, á júwe rẹ̀ dáadáa, Tolúwalọpẹ́ á ní, “Ta ló rí i?” Ẹni tó bá rí i á nawọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí bíírò, híjáàbù, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kan, eyín ni ọmọ JSS1 kan sọ nù, wọ́n sì bá a rí i. Mo máa ń ráhùn pé àṣà yẹn ń jẹ àkókò mi, nítorí èmi ni mo máa ń ní kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀rọ̀ wá kan èmi fúnra mi. O mọ̀ pé kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí ọmọ Yorùbá má mọ oríkì ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí gbogbo SS2 lọ béèrè oríkì wọn nílé, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn sí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó kì wọ́n. Fẹ́kọ́mi, ọmọ mọ́kànlá ló lọ wú oríkì lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà, àṣìkọ kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú wọn, ọmọ Èkìtì wà nínú wọn, kódà ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn ṣàdédé di ọmọ ilé kan ṣoṣo. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Inú ìbínú yẹn ni mo wà tí mo fi ṣí ìwé Qonitah. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọmọ jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Ìlà méjì péré ló kọ:

Ọmọ olókùúta méjì tí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lódò,
Ọ̀kan ní ká máa lọ, ọ̀kan ní ká dúró díẹ̀.

Kò kọ ìlú. Kò kọ orúkọ ẹni tó kì í. Mo ní òun náà ti lọ jí i lórí fóònù, pé ó tilẹ̀ ya ọ̀lẹ ju àwọn yòókù lọ, nítorí kò dà á kọ tán. Mo fi bíírò pupa fa igi gba orí ìlà méjèèjì, mo fún un ní òdo, mo sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn mọ́kànlá yẹn pé kí wọ́n lọ ṣa ọ̀rá àti bébà ní pápá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tí mo ní nìyẹn.” Mo ní kó panu mọ́. Ó lọ ṣa bébà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, tí mi ò sì yọ̀ǹda ara mi láti béèrè, ni pé ọmọ yìí kò ní ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ̀dínátù ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá yẹn gba yàrá kan lọ́dọ̀ obìnrin onílé kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Zikrullah ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, òun àti ọmọ ọwọ́, kò sí ọkọ. Aránṣọ ni. Bí wọ́n bá béèrè ìlú rẹ̀, á ní òkè lọ́hùn-ún. Nígbà tí Qonitah di ọmọ ọdún márùn-ún, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá Zikrullah wá ará rẹ̀ títí, ó kéde nílé rédíò, ó kéde ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tó yọjú. Ló bá tọ́ ọmọ náà bí èyí tó ti inú òun fúnra rẹ̀ jáde, kí Ọlọ́run san án fún un. Ìlà méjì yẹn ni ìyá rẹ̀ máa ń wí bó bá ń wẹ̀ fún un láàárọ̀. Ìlà méjì yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ ọmọ náà láti ilé ìyá rẹ̀, ohun tí mo sì fa igi pupa gba orí rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì. Tolúwalọpẹ́ ka ìròyìn tán, pé a na àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá ní nẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, pé tíṣà físíìsì bí ìbejì. Ó béèrè ẹni tó sọ nǹkan nù. Ọmọ kan gba híjáàbù rẹ̀, òmíràn gba ìdérí kúlà oúnjẹ. Qonitah bá jáde. Mo ti ń wo aago ọwọ́ mi, mo rò pé ìwé ni ó fẹ́ béèrè.

Ó ní, “Ohun tí mo sọ nù ni ìyókù oríkì mi. Ọwọ́ ìyá mi ló wà, wọ́n sì ti kú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí, bóyá ẹnì kan á mọ̀ ọ́n.” Ó wá ka ìlà méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kò sí láyé. Ojú tì mí títí, bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọlé. Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Tolúwalọpẹ́ dúró, kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó wá ní gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é, “Ta ló rí i?” Nínú ẹgbẹ̀ta ọmọ, kò sí ẹni tó nawọ́.

Ohùn kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn wa, níbi ògiri. Ohùn ọkùnrin ni, ó sì há díẹ̀ bí ohùn ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀. Ọ̀gá Jibril ni, ó dúró lórí pákó tó ń gùn mọlé, ó ní:

Èyí tó ní ká máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lómi,
Èyí tó ní ká dúró, omi ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà oko.
Ọmọ a-jí-fodò-wẹ̀-kó-tó-gbàlejò.

Kò dúró níbẹ̀ o. Ó ń kì í, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kì í, ó ń rìn gba àárín àwọn ọmọ, wọ́n sì ń yà fún un láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n yà. Fẹ́kọ́mi, orí mi wú. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì, mo ń ṣàlàyé rẹ̀, mo ń béèrè rẹ̀ ní ìdánwò, àṣé mi ò tíì rí i rí. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀. Nígbà tí bàbá yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi í pé ta ni ìyá rẹ̀. Ó ní Mọ̀dínátù. Bàbá náà ṣí fìlà kúrò lórí pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún sìmẹ́ńtì.

Pírínsípà kó wa wọ ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ni Ọ̀gá Jibril ti ṣàlàyé pé Ilé Olókùúta, ilé ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, nìkan ló ń ki oríkì yẹn. Ó ní Mọ̀dínátù kan wà nílé náà tó bá bàbá rẹ̀ jà nítorí ọkùnrin tó fẹ́, tó bínú jáde ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó pe Abdulganiyy, ẹ̀gbọ́n Mọ̀dínátù, lórí fóònù. Abdulganiyy gbé fóònù lọ fún ìyá wọn níbi tó jókòó sí, Pírínsípà sì ní kí wọ́n tú ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

Wọ́n ní kí Qonitah sọ̀rọ̀. Ìlà méjì yẹn náà ló tún wí. Ìyá àgbà bá dáhùn lọ́hùn-ún, ó ní, “Mọ̀dínátù, o pẹ́ o. Bàbá rẹ ti dárí jì ọ́ kí wọ́n tó lọ. Máa bọ̀ nílé.”

Ohùn ọmọ náà jọ ti ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Jibril nawọ́ láti gba fóònù kó lè bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n Qonitah mi orí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú tábìlì Pírínsípà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá yẹn kò rí i, ó ní, “Màmá, èmi kọ́ ni Mọ̀dínátù. Ọmọ wọn ni mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, àwọn ò ní lè wá mọ́.” Àwa àgbà mẹ́ta la wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè ronú kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa.

A wá ń gbọ́ ẹkún àwọn obìnrin ilé lẹ́yìn ìyá náà. Ìgbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti orí, ó kì í dé ibi tí wọ́n ti máa ń fi orúkọ ọmọ sí, ó dúró, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Qonitah sọ fún un. Ó gbé Qonitah síbẹ̀, ó fi Àṣàbí lé e, ó sì kì í dé òpin. Mi ò rí ojú ọmọ kankan tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú omijé lójú.

Nígbà tó kì í tán, ó béèrè ẹni tó ṣe é tí ọmọ yìí fi wá wọn kàn. Mo ti ń retí kó dárúkọ Ọ̀gá Jibril. Qonitah yíjú sí mi, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fi ṣe ìbínú, ó ní, “Tíṣà Yorùbá mi ni. Àwọn ló ní kí n lọ béèrè oríkì mi.” Ni ìyá yẹn bá ń súre fún mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó súre fún àwọn ọmọ mi. Ó ní ọwọ́ tí mo fi ń máàkì ìwé ọmọ rẹ̀ kò ní rọ láéláé. Pírínsípà ń ṣe àmín, Ọ̀gá Jibril ń ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é.

Mo ti bẹ Qonitah níwájú gbogbo SS2, èmi tí o mọ̀ pé n kì í bẹ ọmọdé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni Ìyá Zikrullah yóò mú un lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀gá Jibril á sì bá wọn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n fi mọ síbí, ọwọ́ ti ń ro mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí yóò pè wá lórúkọ tán láyé. Kó fún Màmá lókun, kó dá àwọn ọmọ rẹ sí, kó jẹ́ kí wọ́n máa mọ ọ̀nà ilé níbikíbi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́,
Àyìnkẹ́ Báyọ̀dé.

Àfikún: Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó pé kí n kọ oríkì tèmi sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni mo rántí. Màmá mi ti lọ láti ọdún 2009, àwọn àǹtí mi náà ti tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ máa ń fi oríkì yẹn sín mi jẹ ní yàrá wa nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, ní gbogbo ìgbà tí Màmá mi bá wá wò mí, tí wọ́n kì mí, tí wọ́n sì lọ, tí màá sì máa bínú. Jọ̀ọ́, Fẹ́kọ́mi, bó bá kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fi rán Bùrọ̀dá Richard sí mi.