Oòrùn Tó Kù Lójú Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹlẹ́dàá tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Èmi àti ìyá rẹ ṣì ń mí, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ilé kò rọgbọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọkọ̀ tó fi ń kó yanrìn gbá télọ̀ òdìkejì ilé wa, ẹni tó rán aṣọ ilé-ìwé rẹ. Obìnrin náà kò yè é. Ọtí kọ́ o, àwọn ọlọ́pàá gbóòórùn ẹnu rẹ̀ títí. Àtàárọ̀ ló ti ń wa yanrìn létí odò, yanrìn funfun báláú, omi ń kọ mànà, kò dé fìlà, ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló wakọ̀ bọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣe ló dà bíi pé wọ́n fi aṣọ bo títì. Mi ò rí i rárá."

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, mo sì ń sọ ọ́ sí i létí kó má baà fìdí rẹmi, ni dókítà bá ní kí n jọ̀ọ́ lọ jókòó síta. Nígbà tó yá ó ṣàlàyé pé ojú rẹ̀ kò fọ́, pé ojú tó bá wà nínú oòrùn líle látàárọ̀ kì í tètè ríran nínú òkùnkùn nírọ̀lẹ́, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó bọ̀ sípò. Kó máa lo jígí dúdú lọ́sàn-án, kó má ṣe lò ó lálẹ́.

Ohun tí èmi gbọ́ ni pé oòrùn ṣì kù síbẹ̀. Mo bá kó àgbàdo kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi àpò dí fèrèsé, mo ní kó jókòó síbẹ̀ kí oòrùn náà ro tán, bí omi ṣe ń ro lára aṣọ. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú. Nígbà tí mo wá ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n tì í padà, pé níbẹ̀ òun kò ní máa rí ọkọ télọ̀ tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò tíì jáde títí di òní.

Mo lọ bẹ ọkọ télọ̀ náà, mo ro ọ̀rọ̀ oòrùn fún un látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń jẹun báyìí."

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n ní inú fóònù ló ń gbà wọlé, mo ti gbé tèmi sórí ògiri ìta, n kò fi nǹkan kan bò ó, kó má baà ṣìnà. Ra jígí dúdú náà wá pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun kò ní wakọ̀ mọ́ láyé. Rà á wá bẹ́ẹ̀ náà, bóyá á lè fi bojú jáde lọ kí ọkọ télọ̀.

Ọ̀nà kò ní mu ẹ̀jẹ̀ rẹ, ìwọ náà kò sì ní ta ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sílẹ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ.