Ìyá Ààjà Tó Lé Omi Bá Lójú Agbami

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀, ẹ yá wa létí. Ẹni tó lọ yìí ní ìtàn, a ó sì sọ ọ́ láìbùmọ́.

1949 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Aránṣọ ni ìyá wọn. Láti kékeré ni Màmá ti lórí kunkun: bí wọ́n bá da mílíìkì sínú tíì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rò ó, wọ́n á máa wo bó ṣe ń lọ́ yípo.

1971 ni wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ òkun. 1974 ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, tó máa ń ní òun bá òkun du ìyàwó ni.

Ààjà ń bẹ nínú òkun bó ṣe ń bẹ lórí ilẹ̀. Ó lè fẹ̀ ju ìlú ńlá lọ. Á gbé omi gbígbóná oníyọ̀ sínú, á máa yí lọ láàárín omi tútù bí ìyá tó pọnmọ. Ó lè tó ọ̀pọ̀ oṣù kí omi méjèèjì tó pò pọ̀. Òun ni Màmá ń wá kiri.

Ní 1983, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣèwádìí lójú agbami, Màmá fa ìgò omi kan látinú ibú. Omi náà gbóná, ó sì níyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá wọn bú sẹ́rìn-ín: “Ìyá Ààjà! O ò ṣan ìgò rẹ ni. Iyọ̀ àná lò ń wọ̀n. Dà á nù!”

“Ọ̀gá, omi yẹn gan-an ni mo fi ṣan án. Mi ò dà á nù.”

Lọ́jọ́ kejì, atukọ̀ yí ọkọ̀ padà síbi tí wọ́n ti fa omi náà, kí wọ́n lè tún un wò. Omi tútù ni wọ́n bá. Ọ̀gá ní bí àwọn bá ti gúnlẹ̀, kí Màmá wá iṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni Màmá ti rí àṣìṣe gbogbo wọn: ẹni tó ń wá ààjà kì í lọ síbi tó ti rí i lánàá. Wọ́n ṣírò ìrìn rẹ̀, wọ́n lọ bá atukọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wakọ̀ síwọ̀ oòrùn. Ó ti ṣí lọ ni.”

“Àǹtí, epo lẹ fẹ́ fi ṣeré yìí o! Tá ò bá rí i ńkọ́?”

“Ẹ sọ mí sómi.”

Wọ́n lọ. Ìgò kìíní tutù. Ìkejì tutù. Ọ̀gá ti ń súfèé. Ìkẹta gòkè wá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá, iyọ̀ rẹ̀ sì pé. Súfèé dákẹ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá wọn fa ìkẹrin. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹ̀gàn di oríkì.

Màmá kì í pa ìsìn jẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ni wọ́n sì kọ́ ní ìwẹ̀. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ.

Atukọ̀ ọjọ́ náà, tó ti di bàbá arúgbó báyìí, ló sọ ìtàn yìí fún wa lójú Màmá, wọn ò sì jiyàn. Ẹ sùn re, Ìyá Ààjà. Àwọn tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ti wà lójú agbami, wọ́n ń lé ààjà lọ.