Etí Òsì Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Awakọ̀ búrẹ́dì ni mí.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mọ́tò búrẹ́dì ni mo fi ń gbé ọmọbìnrin wa lọ síléèwé. Ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní dáhùn. Mo rò pé ó ń bínú pé ìyá rẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Nígbà tó yá, èmi náà panu mọ́. Odidi ọdún kan!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá yẹ àwọn ọmọ iléèwé wò. Wọ́n rí làpálàpá lórí àwọn kan, eyín tó ti jẹrà lẹ́nu àwọn mìíràn. Ti ọmọ tèmi, ìdọ̀tí ló dí etí òsì rẹ̀ pa. Etí tó kọjú sí mi nínú mọ́tò nìyẹn! Ọmọ náà sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Dádì mi kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

Wọ́n ti fọ etí náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ní, "Dádì, mọ́tò yìí mà ń pariwo o!" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ n ò rí nǹkan kan sọ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ wa, ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Olóòtú wa, a máa ń tan rédíò mọ́tò láràárọ̀, àwa méjèèjì la ó jọ gbọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá kà á tán, ẹ má tíì fi orin sí i. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, bóyá ó máa yíjú sí mi.