Ẹ̀fọ́rí Màmá Nínú Mọ́tò Bàbá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó ṣọ́ọ̀bù. Láti Mushin níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀yin àti Màmá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù àti ọkọ wọn, mo kí gbogbo mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ yín ní Iléṣà. Ẹ má bínú pé mo fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ní lẹ́tà yìí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta. Lórí fóònù, mi ò tíì ní sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹ ó fi ní Èkó ti ń gùn mí.

Ara mi le. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn lọ́sẹ̀ yìí, inú ẹrọ̀fọ̀ ni mo ń nà sí lábẹ́ mọ́tò. Tí mo bá wọlé, yàrá á kàn dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn Màmá ni mo máa ń fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ wọn náà ló sì jẹ́ kí n kọ̀wé. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò ti bá yín wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Òṣogbo mọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá ti jókòó sẹ́yìn, orí á máa fọ́ àwọn, èébì á sì máa gbé àwọn. Ẹ̀yin ní ebi ni. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín sí i, ojú sì ń tì mí báyìí.

Oṣù tó kọjá, tíṣà kan láti Surulere, Àǹtí Bọ̀sẹ̀, gbé mọ́tò wá. Kò lágbára rárá, kì í lè gun bíríjì. Mo rí i pé kátálíìsì rẹ̀, àpótí irin tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó dé sáìléńsà, ti dí. Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo là á, mo gún ohun tó dà bí afárá oyin nínú rẹ̀ jáde, mo ní kí wẹ́dà jó o pa dà, mo wá fi nǹkan gbé sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò sókè kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù má bàa tú àṣírí mi. Mọ́tò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ń súfèé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Àǹtí pa dà wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn ń sọ pé orí ń fọ́ òun, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Bàbá, ọ̀rọ̀ Màmá gan-an ni ọmọ yẹn ń sọ. Nígbà tí mo wọ abẹ́ mọ́tò, ojú ibi tí wẹ́dà jó ti là, èéfín tí nǹkan kan ò fọ̀ mọ́ sì ń gba abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wọlé.

Mo lè ní kí wẹ́dà tún un jó kí n sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí, mo ní ẹ̀bi mi ni. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní mo ń ba ọjà jẹ́, pé gbogbo Mushin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fa orí kunkun tí ẹ mọ̀ mọ́ mi yọ. Mo wádìí ohun tó dí kátálíìsì: púlọ́ọ̀gì méjì àti kọ́ìlì kan ti kú, epo tí kò jó ń lọ yọ́ afárá inú rẹ̀. Àwa kì í wádìí ní Iléṣà, Bàbá, gígún là ń yára gún. Mo pààrọ̀ wọn, mo kọrí sí ọjà Ládìpọ̀. Mo gbọn kátálíìsì tòkunbọ̀ bíi mẹ́sàn-án létí kí n tó rí èyí tí inú rẹ̀ kò fọ́, ẹni tó ń tà á ń wò mí bíi wèrè.

Ọmọ yẹn kò bì mọ́ láti ìgbà tí mo ti dè é mọ́ mọ́tò wọn. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ti mú tíṣà méjì mìíràn wá. Ọ̀gá tó ń bínú ti ń pè mí ní Dókítà Èéfín. Wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ ní Mọ́ńdè, àwọn náà ní kí n bá àwọn wo abẹ́ mọ́tò tàwọn.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Èmi ni mo gún ti mọ́tò yín. Òun ni iṣẹ́ tí ẹ fi dán mi wò kí ẹ tó fún mi ní fúrídọ̀mù. Ẹ gbé sípánà fọ́tìnì yín lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ ní mo ti di ọ̀gá. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Sípánà yẹn náà ni mo fi tú ti Àǹtí Bọ̀sẹ̀. Mi ò bá yín jà, bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tú iṣẹ́ fúrídọ̀mù mi.

Mo ti ra kátálíìsì tiyín. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà, mo fi ìró àtijọ́ tí Màmá fún mi wé e. Màá gbé e bọ̀ nílé tí Iléyá bá dé. Kó tó dìgbà náà, ẹ máa ṣí gíláàsì, ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, á lọ́ra ẹ̀mí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n ránṣẹ́ sí Òṣogbo pé lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa jókòó, èmi náà á jókòó tì wọ́n. Tí orí bá fọ́ wọn ká tó dé ọ̀hún, màá dá sípánà yín pa dà.

Èmi ọmọ yín,
Lúkúmọ́ọ̀nù